Inú Rírun Oṣooṣù Lára Obìnrin, àti Ohun tí Ó Yẹ kí Ilé Kọ̀ọ̀kan Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Bí ewé ẹ̀gẹ́ bá ń ká kò nínú oko, àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń rí. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò yí ewé náà padà, yóò wá kòkòrò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ. Bí iṣu bá kọ̀ tí kò ta, yóò wa ilẹ̀ wò bóyá ikán ni tàbí òkété. Ṣùgbọ́n nínú ilé àgbẹ̀ kan náà, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin lè máa dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó di ikùn mú, kí ó máa bì, kí gbogbo ará ilé sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin ṣe rí." Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ìrora tí ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ní oṣooṣù ní ìdí, a sì lè wá ìdí rẹ̀ kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995: láti Ìlaròó dé Ayétòrò, àti láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdí-Ìrókò ní ẹnu ibodè ilẹ̀ Benin. Iṣẹ́ obìnrin ní ìhà ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Òun ni ó ń bó ẹ̀gẹ́, tí ó ń rin ín, tí ó ń yan gààrí nínú èéfín. Òun náà ni ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀ ní Ìlaròó. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó ti ń bàjẹ́. Bí ìrora bá dá obìnrin dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ méjì péré nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 24 ni ó sọnù nínú ọdún, èyí tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Owó nìkan kọ́ ni ó ń sọnù. Ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ a máa pa ọjọ́ jẹ, olùkọ́ rẹ̀ a sì rò pé ọ̀lẹ ni. Ìyá ọkọ a máa ráhùn pé ìyàwó ọmọ òun ń sá fún iṣẹ́. Ọkọ pàápàá, bí ó bá rí i pé ìyàwó òun ń yẹra fún òun ní òru nítorí pé ìbálòpọ̀ ń dùn ún, a bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Báyìí ni àìsàn ara ṣe ń di ìjà nínú ilé tí ó ti wà ní àlàáfíà.

ÌRORA TÍ Ó MỌ NÍWỌ̀N ÀTI ÈYÍ TÍ Ó KỌJÁ ÌWỌ̀N

Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni ó jẹ́ àrùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ni inú wọn máa ń run díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì nǹkan oṣù wọn, nítorí pé ilé ọmọ ń súnkì láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Irú èyí a máa rọlẹ̀ bí obìnrin náà bá sinmi, bí ó bá fi ohun gbígbóná tẹ ikùn, tàbí bí ó bá lo oògùn ìrora díẹ̀. Kò sì ní dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì wọ̀nyí kọjá ìwọ̀n, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò wọ́n:

Ìrora tí ń dá obìnrin dùbúlẹ̀, tí oògùn ìrora kò sì ràn.
Ìrora tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú nǹkan oṣù, tí kì í sì í tán nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá.
Ìrora nígbà ìbálòpọ̀ tọkọtaya, nígbà ìgbẹ́, tàbí nígbà ìtọ̀.
Ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ jù, tí ó ń dì ní ègé-ègé, tí ó sì ń mú kí òòyì kọ́ obìnrin.
Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ti ìbàdí tí ó ń wá, tí ó ń lọ, tí ó sì ti tó oṣù mẹ́fà.

Obìnrin tí ó bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alárìnjẹ̀wù ara. Aláìsàn ni, àyẹ̀wò ni ó sì tọ́ sí i.

ORÚKỌ KAN, ÀRÙN PÚPỌ̀

Inú rírun ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan a sọ pé aràn ni. Àwọn mìíràn a sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, nítorí ohun dídùn tí obìnrin náà jẹ. Wọn a sì po agbo fún un. Bí agbo kan kò bá ràn, wọn a po òmíràn, ọdún a sì máa gorí ọdún. Bí ilẹ̀kùn mẹ́rin bá ní àgádágodo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo kò lè ṣí gbogbo wọn. Mẹ́rin nínú àwọn àrùn tí ó wọ́pọ̀, tí ó ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan yìí, ni a kọ sí ìsàlẹ̀.

Èkínní ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní endometriosis. Awọ kan wà tí ó tẹ́ inú ilé ọmọ. Òun ni ó máa ń nípọn ní oṣooṣù, tí ó sì máa ń wó jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ bí oyún kò bá dúró. Nínú àrùn yìí, ohun tí ó jọ awọ náà a hù sí òde ilé ọmọ, níbi tí kò yẹ kí ó wà: sí ara ilé ẹyin, sí ara ìfun, tàbí sí ara àpò ìtọ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, yóò máa wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yìí kò rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ a di egbò, egbò a di àpá, àpá a sì so àwọn ẹ̀yà inú pọ̀ mọ́ ara wọn, bí ìtàkùn ṣe ń so igi pọ̀ nínú igbó. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì lè mú kí oyún ṣòro láti ní. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ní in, èyí tí ó tó bí 190 mílíọ̀nù ní gbogbo ayé. Ó sì sábà máa ń gba ọdún 4 sí ọdún 12 kí a tó mọ̀ pé òun ni.

Èkejì ni kókó tí ń hù nínú ilé ọmọ, tí a ń pè ní fibroid. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ní in tí wọn kò mọ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá tóbi, tàbí bí ó bá wà ní ibi tí kò dára, ẹ̀jẹ̀ a máa ya, ikùn a yọ bí ti aboyún, ẹ̀yìn a sì máa dun obìnrin náà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé, kí àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó pé ọmọ 50 ọdún, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá wọn tí ó ti ní fibroid, ìbáà ṣe kékeré tàbí ńlá.

Ẹ̀kẹta ni àkóràn tí ó gòkè láti ojú ara lọ sí ilé ọmọ àti sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Àtọ̀sí tí a kò wò jálẹ̀, ọwọ́ tàbí irinṣẹ́ ẹlẹ́gbin nígbà ìgbẹ̀bí, àti oyún ṣíṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ wà lára ohun tí ń fà á. Oògùn wà tí ń pa kòkòrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti inú ìbálòpọ̀ ni ó ti wá, tọkọtaya ni ó gbọ́dọ̀ lo oògùn náà pọ̀. Bí a bá wo aya tí a kò wo ọkọ, àrùn náà yóò padà wá. Bí ó bá sì pẹ́ jù kí a tó wò ó, àpá rẹ̀ lè máa fa ìrora lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti omi, ó sì kan àwọn àgbẹ̀ gidigidi. Òun ni àtọ̀sí ajá, tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ bá ìtọ̀ jáde. Kòkòrò rẹ̀ a máa gbé inú ìgbín wẹ́wẹ́ tí ó wà ní etí odò àti adágún. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú omi, tí ó sì ń gba awọ ara wọlé sára ẹni tí ń wẹ̀, tí ń fọṣọ, tàbí tí ń rẹ ẹ̀gẹ́ sódò. Nígbà tí ìjọba sé odò Ọyán, ní ìhà ìlà-oòrùn Ayétòrò, tí a sì ṣí iṣẹ́ náà ní 1983, adágún ńlá kan wà níbi tí odò ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Ní 1991, àwọn olùwádìí tẹ ìròyìn jáde nípa bí àtọ̀sí ajá ti bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé méjì tí a tẹ̀ dó fún àwọn tí adágún náà lé kúrò ní ilé wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹyin kòkòrò yìí kì í dúró sí àpò ìtọ̀ nìkan. Ó lè lọ dì sí ojú ara obìnrin àti sí ẹnu ilé ọmọ, kí ó fa egbò, ìrora, àti ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. A máa ń ṣì í mú fún àrùn ìṣekúṣe, a sì máa ń sọ obìnrin lórúkọ búburú nígbà tí kò ṣe ju pé ó lọ pọnmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí 56 mílíọ̀nù obìnrin àti ọmọbìnrin ní Áfíríkà ni ó ní irú èyí. Oògùn tí ń pa kòkòrò náà ni praziquantel. Nítorí náà, obìnrin tí ó dàgbà sí etí odò kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, bí a kò tilẹ̀ bi í.

Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí nìkan kọ́. Ìrora lè ti inú ìfun wá, tàbí àpò ìtọ̀, tàbí iṣan ìbàdí, tàbí àpá abẹ́ tí a dá fún obìnrin nígbà èwe rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ohun méjì ni ó pàdé lára ẹnì kan.

OHUN TÍ A RÍ NÍ CHICAGO ÀTI NÍ ÌBÀDÀN

Kì í ṣe àwọn ará ilé nìkan ni ó ti ṣe àṣìṣe nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ṣe é. Fún ìgbà pípẹ́ ni a fi ń kọ́ àwọn dókítà pé àrùn àwọn obìnrin funfun ọlọ́rọ̀ ni endometriosis, pé kì í ṣe àwọn obìnrin dúdú. Ní 1976, Dókítà Donald Chatman, oníṣègùn adúláwọ̀ ní ìlú Chicago, tẹ ìròyìn kan jáde tí ó tako ẹ̀kọ́ náà. Ó ti fi ẹ̀rọ wo inú àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ó sì rí i pé bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni ó ní àrùn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé àkóràn ni ó ń ṣe wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn, àwọn dókítà la ojú kékeré sí ikùn àwọn obìnrin 239 tí àìsàn abẹ́nú gbé wá, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná wo inú wọn. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n sọ pé a bá endometriosis lára 115 nínú wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdajì gbogbo obìnrin ni ó ní in, nítorí àwọn tí ó ti ń ṣàìsàn ni a wò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé àrùn náà wà láàárín wa, àti pé ẹni tí ó bá wá a ni yóò rí i. Ní Èkó, Dókítà Abayomi Ajayi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Endometriosis Support Group Nigeria, láti máa kọ́ àwọn ènìyàn nípa rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún ni a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ní gbogbo ayé.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ JẸ́ ÒTÍTỌ́

Àwọn kan ń wí pé bí ọmọbìnrin bá lọ́kọ tí ó sì bímọ, inú rẹ̀ yóò dẹ́kun rírun. Lóòótọ́, oyún lè mú kí ìrora endometriosis rọlẹ̀ lára àwọn kan fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé nǹkan oṣù dúró. Ṣùgbọ́n kì í wò ó sàn. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ ní àìtọ́jọ́ ti fi ìyọnu kan kún òmíràn.

Àwọn mìíràn ń wí pé ẹni tí inú rẹ̀ ń run báyìí ti yàgàn. Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní endometriosis tàbí fibroid ni ó ti bímọ, àwọn kan láìsí ìrànlọ́wọ́, àwọn kan lẹ́yìn ìtọ́jú.

Àwọn mìíràn sì ń wí pé bí a bá ya àwòrán inú, tí a kò sì rí nǹkan kan, kò sí àìsàn níbẹ̀. Àwòrán yìí, tí a ń pè ní sikáànù, a máa fi fibroid hàn dáadáa, ṣùgbọ́n endometriosis lè fara pamọ́ fún un. Nítorí náà, bí ìrora kò bá tán, kí obìnrin náà padà lọ.

BÍ A ṢE LÈ LO ÀLÙMÁNÁKÌ YÌÍ

Àgbẹ̀ a máa sàmì sí àlùmánákì rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ àti ní ọjọ́ tí ó gbin àgbàdo. Kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ lo ìwé kan náà báyìí:

Ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé, kí a fi òǹkà ọjọ́ náà sínú òbírí. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá.
Ní ọjọ́ tí ìrora bá wà, ìbáà ṣe pé ẹ̀jẹ̀ wà tàbí kò sí, kí a fa ìlà sí i. Ìlà kan fún ìrora tí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìlà méjì fún èyí tí ó mú kí a lo oògùn. Ìlà mẹ́ta fún èyí tí ó dá ènìyàn dùbúlẹ̀.
Bí ìrora bá wá nígbà ìtọ̀, ìgbẹ́, tàbí ìbálòpọ̀, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Kí a kọ orúkọ oògùn tí a lò, àti bóyá ó ràn tàbí kò ràn.

Ìyá tí kò mọ̀wé lè fi èédú fa ìlà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a mú ìwé yìí lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú lè ti obìnrin láti sọ̀rọ̀ níwájú àjèjì, ó sì lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbàgbé. Ẹni tí inú rẹ̀ ń run púpọ̀ nísinsìnyí kí ó má ṣe dúró de oṣù mẹ́ta. Kí ó lọ, kí ó sì máa sàmì lọ.

ÌTỌ́JÚ NÍ ILÉ ÀTI NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ní ilé, kí a rọ omi gbígbóná sínú ìgò, kí a fi aṣọ wé e kí ó má ba jó ara, kí a sì gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Oògùn ìrora bí ibuprofen a máa ran ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí a bá lò ó gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára páálí, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, àti aboyún, kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Kí a yẹra fún oògùn tí a pò pọ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà, tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti agbo tí a fi ọtí rẹ.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìlaròó, òmíràn sì wà ní Ayétòrò. Níbẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀ràn náà bá ju ti ibẹ̀ lọ, kí a béèrè fún ìwé láti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì ní Ṣàgámù, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn Sacred Heart tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895, ṣì wà pẹ̀lú. Kò tíì sí oògùn tí ń fa gbòǹgbò endometriosis tu pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan wà tí ń dá nǹkan oṣù dúró tàbí tí ń dín in kù, iṣẹ́ abẹ sì wà tí ń mú ohun tí ó hù kúrò. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ti ibẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn.

Àwọn nǹkan mẹ́ta wà tí kò gba ìdúró. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, tí ìrora líle sì gbé e lójijì tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí oyún lè ti dúró sí òde ilé ọmọ, ó sì lè pa á. Ẹni tí ibà líle bá inú rírun rẹ̀ wá, kí a gbé òun náà lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tètè yẹ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ỌKỌ ÀTI ÀWỌN ÌYÁ ÌJỌ

Ọkọ ni ó sábà máa ń di owó mú, òun ni ó sì ń pinnu ọjọ́ tí a ó lọ sí Abẹ́òkúta. Nítorí náà, kí ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ. Kí ó gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ pé ìbálòpọ̀ ń dun òun, kí ó gbà á gbọ́.

Àwọn ìyá ìjọ ni àwọn ọmọbìnrin ń bẹ̀rù jù, àwọn náà sì ni wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí kì í wá sí ìpàdé ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́ ni ó mọ ìtàn obìnrin tí ó jìyà ìsun ẹ̀jẹ̀ fún ọdún 12, tí ó ná gbogbo ohun tí ó ní, tí ó sì gba ẹ̀yìn wá nítorí ìtìjú. Nígbà tí ó sọ òtítọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, a kò lé e, a kò sì bá a wí. Ọmọ ni a pè é.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọdún 12 ti pọ̀ jù. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tí àlùmánákì yìí bá dé fi pẹ́ńsù kan so mọ́ ọn, kí ó gbé e kọ́ sí ibi tí ọwọ́ àwọn obìnrin ilé yóò ti tó o, kí ìlà àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí.